Ṣúgà Abẹ́ Máṣíìnì

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì sọ fún aránṣọ náà pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ààlà. Ìyàwó aránṣọ wà níbẹ̀. Òun gan-an ló fà á dé ilé ìwòsàn, nítorí òùngbẹ tí ń gbẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru, àti nítorí pé òwú kò wọ ihò abẹ́rẹ́ fún un mọ́. Yóò na òwú sí ọ̀tún, yóò nà án sí òsì, ihò abẹ́rẹ́ á sì máa wò ó níran. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó gé ẹ̀wù kan tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gùn ju tòsì lọ. Oníbàárà wọ̀ ọ́, ó wo dígí, ó ní ṣé kí òun lọ dín apá òun kù ni.

Dókítà kò pariwo. Ó ní oògùn nìkan kọ́, oúnjẹ ni yóò yí padà, kì í sì í ṣe fún oṣù kan tàbí oṣù méjì. Bí yóò ṣe máa jẹun lọ títí ayé rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì mú àwo funfun kan, ó fi ìka pín in lójú wọn: ẹ̀fọ́ ni ìdajì, ẹja tàbí ẹ̀wà ni ìdajì èyí tó kù, ibi tó ṣẹ́ kù ni ìrẹsì tàbí búrẹ́dì yóò máa gbé. Ó ní kó gbàgbé ṣúgà nínú tíì, kó gbàgbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó má sì jẹ́ kí bisikíìtì mọ ojú rẹ̀ mọ́. Aránṣọ ń mi orí. Gbogbo rẹ̀ ló yé e.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ kò tíì bọ́ bàtà tó fi wọ ilé ìdáná. Ó kó ṣúgà, ó kó oyin, ó kó bisikíìtì, ó di gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, ó sì gbé e fún àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní ìparí òpópónà. Ó padà wá, ó mú ẹfun tí ọkọ rẹ̀ fi ń sàmì sára aṣọ, ó fi sàmì mẹ́ta sí etí àwo ọkọ, bí nọ́ọ̀sì ṣe pín in. Lẹ́yìn náà ó mú àwo tirẹ̀, ó sàmì kan náà sí i.

Ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Ta ló ní ṣúgà ń bá ìwọ náà jà?"

"Kò sẹ́ni tó ní bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n kí n jókòó síwájú yín, kí n máa mu tíì aládùn, ṣé ọ̀nà ọ̀fun mi á gbà á? Ohun tí ẹ ò bá jẹ, èmi náà ò jẹ ẹ́."

Kí ẹ sì mọ irú obìnrin tó sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ọmọdé ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣúgà ló ń mu, tíì ló ń bù sí i. Láti ọjọ́ náà ó ń mu ún ní kíkorò. Lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan, á fún ojú pọ̀ bí ẹni tó gbé oògùn mì, á wá rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀.

Àṣà kan tún bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Bí aránṣọ bá gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, bó bá ti wọlé padà, ìyàwó rẹ̀ á bi í pé, "Kí lẹ jẹ níbẹ̀?" Ọkọ á sọ ọ́. Ìyàwó á ní ó dára, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í wo ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó ti parí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni aránṣọ fi pa òfin mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkóríta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e wọlé. Ó ra páálí ṣúgà onígun kan. Oníṣọ́ọ̀bù, obìnrin ọlọ́yàyà kan, kò bi í ní ohunkóhun, àmọ́ ẹni tó bá ń sá kì í dúró de ìbéèrè. "Ìyá ilé ló rán mi," ni aránṣọ wí. "Ẹ ẹ̀ mọ̀ ọ́n ni? Kò lè mu tíì láìsí i."

Orí máṣíìnì ìránṣọ a máa ṣí sẹ́yìn bí ìdérí àpótí. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń ta òróró sí àwọn irin rẹ̀. Aránṣọ tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé orí máṣíìnì òun sókè, nítorí àṣìgbé kan ṣoṣo lè mú kó máa fo òwú bó bá ń rán títí dìgbà tí wọ́n bá pe alátùn-únṣe. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a rán bọ́tìnnì, òun ló ń bá a ká etí aṣọ, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan orí máṣíìnì rí. Abẹ́ ibẹ̀ ni aránṣọ fi ṣúgà sí. Ó fi àjákù aṣọ kan wé e kí òróró má bàa kàn án: aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tó fi rán kaba fún ìyàwó rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ìyàwó ti wá àjákù náà títí, kó fi ṣe ìbòrí, kò rí i.

Ọmọ keje ni aránṣọ ní ilé àwọn òbí rẹ̀, nínú ilé tí páálí ṣúgà kan ti gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́ta. Àlejò ni ṣúgà wà fún. Bí àlejò bá lọ, tí hóró kan ṣẹ́ kù, ìyá wọn á fi eyín gé e fún àwọn tó dàgbà, àwọn kékeré á sì pín bébà rẹ̀ lá. Aránṣọ rántí adùn bébà yẹn. Ó rántí ẹ̀gbọ́n tó já a gbà lẹ́nu rẹ̀, igun ilé tí ó dúró sí nígbà náà, àti ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì tó wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ fún un lówó iṣẹ́, ṣúgà ló fi rà. Ó jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé títí tí èébì fi gbé e. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti rí ṣúgà nílé, ó mọ̀ pé ìyà ti kúrò lọ́dọ̀ òun. Kò sọ èyí fún dókítà. Kí ni dókítà fẹ́ fi ṣe?

Bí ìyàwó bá wà ní ilé ìdáná, á gbé orí máṣíìnì díẹ̀, á mú hóró kan tàbí méjì, á fi sábẹ́ ahọ́n, á sì máa fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì lọ. Ní ọjọ́ kan, oníbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiwọn gbé ìgò ẹlẹ́rìndòdò tútù kan wọlé, ó ní kí àwọn jọ mu ún. Aránṣọ kígbe pé òun kò mu ún, ó sì kígbe náà débi tí ìyàwó rẹ̀ á fi gbọ́ ọ. Oníbàtà gbọn orí.

"Ẹ wo ọkùnrin," ni oníbàtà wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni, ìyàwó mi ì bá ti so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Màmá, ẹ ṣe oríire ọkọ."

Láti inú ilé ìdáná, ìyàwó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣúgà ṣì ń yọ́ lábẹ́ ahọ́n aránṣọ bó ṣe ń gbọ́ ẹ̀rín náà.

Ní oṣù kárùn-ún, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò lọ sílẹ̀ rárá. Dókítà bi aránṣọ bóyá ó ń jẹun bí àwọn ṣe ní kó máa jẹ ẹ́. Kó tó la ẹnu, ìyàwó ti gbà á sọ.

"Dókítà, èmi ni mò ń sè é, èmi ni mò ń bù ú. Mo lè fi ọmọ tí mo bí búra fún yín. Ọkọ mi ò fi ẹnu kan ohun tí ẹ ní kó má jẹ."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀," ni dókítà wí, "á jẹ́ pé oògùn ni ò tó."

Ó sọ oògùn di ìlọ́po méjì. Aránṣọ wo bàtà rẹ̀. Okùn ọ̀kan ti tú. Kò bẹ̀rẹ̀ láti so ó.

Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí di ọjọ́ tó gbàgbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílé, tó sì padà wá mú un. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ìgò tí wọ́n máa ń da ṣúgà sí tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Òfìfo ni ìgò náà. Ó ti imú bọ ẹnu rẹ̀, ó di ojú, ó ń fa òórùn rẹ̀ símú. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò, ó fọ ìgò náà mọ́ tónítóní, ó nù ún, ó sì da ẹ̀wà sínú rẹ̀.

Aránṣọ fi ẹ̀yìn rìn jáde. Etí rẹ̀ gbóná. Ó ti jẹ ìyà rí, ebi ti pa á rí, ọ̀gá ti fi rúlà gbá a lórí níwájú àwọn oníbàárà rí, ṣùgbọ́n ojú kò tì í tó báyìí rí. Obìnrin yẹn ò ṣàìsàn. Nítorí tirẹ̀ ló ṣe ń gbóòórùn ìgò.

Ní ọjọ́ náà ló ṣíwọ́. Kò tún gbé orí máṣíìnì mọ́, àfi láti ta òróró. Ó tilẹ̀ fẹ́ fi ara rẹ̀ san gbèsè: kì í fẹnu kan ìrẹsì tó wà nínú àwo rẹ̀, á ní òun ti yó. Ṣùgbọ́n kò da ṣúgà náà nù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò lè da ṣúgà nù. Ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé oògùn tí òun ń lò báyìí, oògùn ẹni tó ń jẹ ṣúgà ni. Ó yẹ kó padà lọ sọ fún dókítà. Àmọ́ bó bá sọ ọ́, ìbúra ìyàwó rẹ̀ ti di irọ́ nìyẹn, lójú dókítà, lójú nọ́ọ̀sì. Ó ní ó ti parí, òun ti yí padà, kí ló tún kù láti sọ. Ó sì ń gbé oògùn ìlọ́po méjì náà mì láràárọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó ń parí kọ́là ẹ̀wù kan. Òógùn bò ó lójijì. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, abẹ́rẹ́ sì yà kúrò lójú ìlà. Ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi irin ìlọṣọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ pé bó bá rí báyìí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn, kó wá ohun dídùn fún un kíákíá. Ó sáré wọ ilé ìdáná. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó ṣí ìgò: ẹ̀wà. Ó sáré jáde. Oníbàtà ti ti ilẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀bù ìkóríta ti palẹ̀ mọ́. Ó sáré wọlé padà, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun, kí ó ṣáà má sùn.

Ìparí òpópónà jìnnà. Aránṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ó sì rò ó, ó rò ó gidi, pé kóun dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti di ilẹ̀kùn mú.

"Orí máṣíìnì," ni aránṣọ wí.

"Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sùn."

"Gbé e sókè. Ó wà lábẹ́ rẹ̀."

Ìyàwó wò ó. Ó padà wá, ó di orí máṣíìnì mú, ó sì gbé e sókè. Ó rí aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run náà. Ó tú u. Ó po hóró mẹ́rin mọ́ omi nínú ife, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ sí apá, ó sì ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ojú aránṣọ là, adùn ló kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ojú òun tún ṣú padà.

"Láti ìgbà wo?" ni ìyàwó bi í.

Ó sọ fún un. Kò fi ọ̀kan pamọ́, àtorúkọ ìyàwó tó fi ra ṣúgà, àtọjọ́ ẹlẹ́rìndòdò oníbàtà.

Ìyàwó ká àjákù aṣọ náà sí mẹ́rin, ó fi sórí tábìlì. "Mo fi ọmọ mi búra fún dókítà," ni ó wí.

Ní ọjọ́ kejì aránṣọ dá lọ sí ilé ìwòsàn, ó ka ẹjọ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Dókítà dín oògùn kù. Láti ìgbà náà kò tún yẹsẹ̀: ìdajì ẹ̀fọ́, ìrẹsì díẹ̀, tíì kíkorò. Ọdún kẹta ló pé yìí. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé bisikíìtì ti di ohun tó kàn ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù. Òwú ń wọ ihò abẹ́rẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà, nọ́ọ̀sì a sì máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ẹlòmíràn. Bó bá ti ń yìn ín, orí rẹ̀ á wálẹ̀.

Ìgbà kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ kọjá ní ìkóríta. Oníṣọ́ọ̀bù kí wọn, ó ní, "Màmá, ẹ ò rán bàbá ní ṣúgà mọ́ o. Ṣé kò sí?"

Ìyàwó kò wo ọkọ rẹ̀. "A ti dín in kù," ni ó wí, ó sì bi oníṣọ́ọ̀bù nípa àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó ti padà sí tíì aládùn rẹ̀. Níwájú ọkọ rẹ̀ ló ń mu ún. Àmì ẹfun ṣì wà ní etí àwo aránṣọ, kò sí ní etí tirẹ̀ mọ́. Bí aránṣọ bá ti òde dé báyìí, ìyàwó á gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wá, ọkọ á na ìka rẹ̀ sí i, ìyàwó á gún un, á ka ohun tó bá wà lójú ẹ̀rọ náà, á sì dá a padà sí àyè rẹ̀.

Kò tún bi í pé kí ló jẹ mọ́.