Sàráà Kì í Ṣe Oúnjẹ

Àgbò tí Fofó Souaïbou dá sílẹ̀ láti fi ṣe sàráà Abibatou kò tètè kú. Ogbó ti dé sí ọwọ́ Fofó. Àgbò náà ta, ó já okùn, ó sì sáré yí àgbàlá wa ká ní àdúgbò Tokpota, ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀fun tó ti là dé ìdajì. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sára ògiri, ó fọ́n sí ṣòkòtò funfun tí mo ti Libreville wọ̀ wá. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti tán síbẹ̀.

Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti kúrò ní Àjàṣẹ́. Nítorí Abibatou, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ni mo ṣe padà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjà Kraké lẹ́nu bodè ló ń ná láti kékeré, ó sì máa ń gbé àpò ìrẹsì bí ẹni gbé ọmọ. Ara tó fi ń gbé e ló wá di ẹrù fún un: àádọ́jọ kílò. Orúnkún rẹ̀ kọ̀, ìtọ̀ ṣúgà mú un, bó bá sì sùn, èémí rẹ̀ á dúró, àfi kí Faïzath ọmọ rẹ̀ gbọ̀n ọ́n jí. Dókítà kan tó máa ń ti Faransé wá sí Kùtọnú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún gbà láti gé àpò ikùn rẹ̀ kù kó lè máa jẹun díẹ̀. Ó ní kó fi ọ̀sẹ̀ méjì máa mu omi ọbẹ̀ àti wàrà nìkan kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè fọn. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan.

"Tí a bá fún un lóògùn oorun, tí oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀," ó sọ fún mi ní Faransé, "ó lè gòkè wá dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pa. Tó bá jẹun, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Gbogbo wa la mọ̀ pé èémí Abibatou kò lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Fofó là ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Àjàṣẹ́, Souaïbou sì ni àgbà gbogbo wa. Alápatà ni kí ara rẹ̀ tó kọ iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta tí Abibatou bẹ̀rẹ̀, ó bá Faïzath níbi tó ti ń sẹ́ ọbẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe sí ọbẹ̀ yẹn?"

"À ń sẹ́ ẹ ni, Bàbá. Omi ẹ̀ ni Màmá máa mu."

"Ẹran ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹran."

Fofó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọbẹ̀, ó sì fọ́ ọ mọ́ ògiri. Abibatou ní kí ló dé, Fofó gbá a létí.

"Ilé alápatà, kí ebi máa pa obìnrin nínú ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí?"

Abibatou fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ẹ sọ fún wọn pé mo sanra ju ilẹ̀kùn yín lọ."

Abibatou ra ẹ̀rọ mìíràn lọ́jọ́ kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé ìdáná pa.

Ní ilé wa, ẹni tó bá ń lọ sí ibi tó le, a máa ń ṣe sàráà fún un ní ìdájí. Kí àwọn alfa tó pa àdúrà dé, àgbà ilé á fọwọ́ ara rẹ̀ fi ẹ̀dọ̀ yíyan sí i lẹ́nu. Bàbá wa ṣe é fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí Libreville. Iyọ̀ àti èéfín ẹ̀dọ̀ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Ní ìdájí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, taksí ti ń dúró. Àwọn alfa mẹ́ta wà lórí ẹní. Fofó gé lára ẹ̀dọ̀ àgbò náà tí wọ́n ti yan, ó mú un wá.

"La ẹnu."

"Fofó, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹun."

"Ta ló pe eléyìí ní oúnjẹ? Sàráà kì í ṣe oúnjẹ. Àdúrà ni."

"Ẹ fún Faïzath kó bá mi jẹ ẹ́."

"Ṣé Faïzath ni wọ́n fẹ́ là níkùn?"

Ọ̀kan nínú àwọn alfa ní Ọlọ́run ò ní kà á sí aláìsàn lọ́rùn tí kò bá jẹ ẹ́. Fofó ní kò sẹ́ni tó bi í.

Abibatou dìde. Fofó fa gèlè rẹ̀ mọ́ irun. Abibatou fi àyà tì í, Fofó sì ṣubú lé àwo ìrẹsì àwọn alfa. Nígbà tó dìde, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Orúnkún tó ń dun Abibatou gan-an ló ta nípàá. Abibatou wó lulẹ̀, Fofó sì kúnlẹ̀ lé e láyà.

"Mouktar, dì í lọ́wọ́ mú."

Èmi tí dókítà fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún, mo dì í mú. Mi ò kú sí ilẹ̀ onílẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá, ẹ̀dọ̀ tí bàbá wa fi sí mi lẹ́nu ni mo sì gbà pé ó dáàbò bò mí. Mo sọ fún ara mi pé díẹ̀ ni, kò tó nǹkan.

Abibatou wò mí. "Ẹ̀yin náà, Fofó Mouktar."

Fofó fún un nímú pa. Bó ṣe la ẹnu láti mí, Fofó ti ẹ̀dọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú ìka méjì. Abibatou pa eyín dé.

Mo gbọ́ bí eegun ṣe ṣẹ́. Fofó ké bí mi ò ṣe gbọ́ kí ẹran kankan ké lọ́wọ́ rẹ̀ rí, Abibatou ò sì tú u sílẹ̀. Faïzath gbé ọmọ odó, ó fi lù mí léjìká, ni mo bá jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí Abibatou yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà orí ìka Fofó pẹ̀lú èékánná, lórí ẹní, níwájú àwọn alfa.

Ó bu omi, ó fi fọ ẹnu, ó tu ú. Ó tún bu òmíràn, ó tu ú. Ó ń tiro wọ inú taksí. Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. A kọrí sí Kùtọnú.

Dókítà wo ètè Abibatou tó wú. Ó ní kí n bi í bóyá ó ti jẹ nǹkan kan láàárọ̀ yẹn.

"Ẹ sọ fún un pé mo gé ẹ̀gbọ́n mi jẹ," ni Abibatou wí, "ṣùgbọ́n mi ò gbé e mì."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí ìka mi ti sàmì sí, lẹ́yìn náà ó wo èmi náà. Ó fi ẹ̀rọ yẹ ikùn Abibatou wò. Òfìfo ni. Nígbà tí wọ́n ń tì í wọlé, mo na ọwọ́ sí i. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ aṣọ.

Ọdún mẹ́ta rèé. Lóṣù tó kọjá, Faïzath fi fọ́tò ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Libreville. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Fofó, àyè wà lọ́tùn-ún, àyè wà lósì. Fofó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ṣíbí jẹun.

Mo pè lójú ẹsẹ̀, mo ní kí Faïzath gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Abibatou lókèèrè, ó ń bá ẹnì kan ṣàwàdà. Faïzath padà sórí fóònù.

"Bàbá, Màmá ní kẹ́ ẹ má bínú. Ó ní òun ń jẹun."