Ilé Ìyá Wa Lórí Òkè Ìgbẹ́tì

Wọ́n ní kí n kó kúrò nílé ìyá mi, nítorí pé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń wá ibi tí àwọn àlejò rẹ̀ yóò dúró sí wo igbó. Ẹ gbọ́ ná! Igbó tí a ń fi ojoojúmọ́ ro, ìran ni fún ẹlòmíràn. Ṣónṣó orí òkè Ìgbẹ́tì nilé wa wà, níbi tí àwọn baba wa sá wá lásìkò ogun. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa á wo ilẹ̀ títí ojú á fi rẹ̀ ẹ́. Inú yàrá ilé yìí la sì sin ìyá mi sí.

Mákindé, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló jíṣẹ́ náà fún mi. Òun ni ògbufọ̀ ajẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á kọ́ òmíràn fún yín nísàlẹ̀, létí títì."

"Ṣé wọ́n á bá mi hú ìyá wa náà ni? Ìgbà wo làlejò ń lé onílé?"



Lọ́jọ́ kẹta, ajẹ́lẹ̀ kó àlejò òyìnbó méjì gun òkè wá, Mákindé àti lébìrà mẹ́fà tí yóò wó ilé tẹ̀ lé wọn. Kò sí lébìrà tó fọwọ́ kan ògiri. Lọ́dọ̀ wa, ilé tí òkú bá sùn sí, ọmọ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọkọ́ kàn án: àkọ́bí ni, bí àkọ́bí bá sì kọ̀, àbúrò rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ́ fún mi.

Mo gbà á. Inú ajẹ́lẹ̀ dùn. Mo kẹ̀yìn sí i, mo wa erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo da omi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀. Ògiri náà ti là, mo fẹ́ rẹ́ ẹ.

Ojú ajẹ́lẹ̀ pọ́n bí epo. Ó já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó nà án sí Mákindé. Bí Mákindé bá fi kan ògiri lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á wó o palẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

"Ó yá!" mo pariwo. "Ìyá tó pọ̀n ọ́ gun òkè yìí ló wà níbẹ̀. Wó o, kí àlejò ríbi dúró!"

Mákindé gbé ọkọ́ sókè. Ìgbà tó ṣe, ó gbé e kalẹ̀, ó ṣí fìlà ìjọba lórí, ó fi lé ajẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ajẹ́lẹ̀ bú ramúramù, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló wí?" mo bi Mákindé.

"Ó ní ọlọ́pàá ló máa bá wa sọ̀rọ̀ lọ́la." Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀, ó ti ń tẹ amọ̀.

"Kí wọ́n máa bọ̀," mo ní. "Ògiri á ti gbẹ."