Sálúbàtà Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Èṣùbíyì fi gé rọ́bà ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe sálúbàtà ní títì Sapele, nílùú Benin. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Benin débi pé bí inú bá bí i, pijin ló fi ń bínú. Nígbà tí sálúbàtà Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí iye rẹ̀ kò tó ìdajì tiwọn, ọ̀gá wọn kọ́kọ́ ní kò séwu. Nígbà tó yá, ó dín òṣìṣẹ́ kù. Níkẹyìn, ó ti iléeṣẹ́ pa, ó sì fi ilé náà háyà fún ìjọ kan. Ibi tí Èṣùbíyì ti ń gé rọ́bà gan-an ni àwọn akọrin ń dúró sí báyìí.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ṣètò ìrànwọ́ fún ẹni tí ọjà òkèèrè bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn yóò kọ́ ọ ní iṣẹ́ mìíràn, wọn yóò sì fún un ní irinṣẹ́. Èṣùbíyì lọ gba fọ́ọ̀mù. Ó ń kọ ọ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi kan ìbéèrè kan: "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ ń jẹ nínú òwò ọjà òkèèrè yìí?"

Ó gbé bírò sílẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó rẹ̀, ní ìsọ̀ kan létí títì Sapele. Sálúbàtà ló ń tà. Ti Ṣáínà ni gbogbo rẹ̀, látorí èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ balùwẹ̀ dórí èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ ìgbéyàwó.

Èṣùbíyì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kọ "Rárá o." Ó fi "o" yẹn kún un kó lè jọ òtítọ́.

Kò mọ̀ pé wọ́n máa ń wá wo ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pè é lórí fóònù pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń bọ̀ lọ́la, láago mẹ́wàá. Bí Kíkẹ́lọmọ ṣe jáde lọ sí ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì báyìí, ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àpò ọjà mẹ́fà ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn tó wà lẹ́bàá títì Ekenwan. Ó ti mẹ́ta sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ọ̀kan sí balùwẹ̀, ó ki ọ̀kan bọ inú àgbá omi tó ti gbẹ. Ẹ̀kẹfà kò ríbi wọ̀. Ó bá gbé e sí pálọ̀, ó da aṣọ tábìlì bò ó, ó gbé tìmùtìmù lé e lórí, ó di àga.

Orúkọ òṣìṣẹ́ tó wá ni Èyímofẹ́, ọ̀dọ́bìnrin ọmọ Òǹdó kan tó kúnlẹ̀ kí i kó tó yọ fáìlì rẹ̀. Àga mẹ́rin ló wà ní pálọ̀. Orí àpò ló lọ jókòó sí.

"Ẹ máa bọ̀ níbí, Màdáámù. Èyí dára ju ìyẹn lọ," ni Èṣùbíyì wí.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ó rọ̀ mí lọ́rùn."

Bó ṣe ń mí ni abẹ́ rẹ̀ ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Ó wolẹ̀, ó tún ń bi í ní ìbéèrè lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìbéèrè kẹta nígbà tí igbe ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Olè! Ẹ gbà mí o! Olè ti kó ọjà mi!"

Kíkẹ́lọmọ ni. Oníbàárà kan ló fẹ́ nọ́ńbà tí kò sí ní ìsọ̀, ló bá sáré wálé wá mú un.

Kí Èṣùbíyì tó dìde, aládùúgbò wọn, Sájẹ́ǹtì Ìbráhìm, ti wọlé tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìgbálẹ̀. "Kí ẹnikẹ́ni má jáde!" Ó wọ yàrá, ó wolẹ̀, ó wọ́ àpò kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mo ti rí ọ̀kan!" Ó wọ́ ìkejì. Ó wọ́ ìkẹta. Ó rí ti balùwẹ̀, ó yọ ti inú àgbá. Ó wá dúró níwájú Èyímofẹ́.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Èyímofẹ́ dìde. Àpò já, sálúbàtà pupa àti àwọ̀ ewé sì dà sílẹ̀ yàà.

Kíkẹ́lọmọ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ògo, ta ló kó ọjà mi pamọ́?"

Èṣùbíyì jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ṣé òwò mi ló ń tì yín lójú? Nígbà tí wọn kò sanwó iṣẹ́ fún yín fún oṣù méje kí iléeṣẹ́ yín tó kógbá sílé, kí la jẹ?"

"Kì í ṣe ìtìjú, Ìyá Ògo. Àmọ́ bí mo bá ti rí àwọn àpò yìí láràárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹni tó gba iṣẹ́ mi ni mò ń bá gbélé."

"Òun náà ló ń tẹ ẹ̀bà yín!"

Ìbráhìm fi ìgbálẹ̀ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èyímofẹ́ gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un.

"Bàbá," ó ní, "ta ló sọ fún yín pé ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń ta sálúbàtà kò lè rí ìrànwọ́? Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. Torí irọ́ ni wọ́n fi ń yọ orúkọ èèyàn kúrò." Ó fún un ní fọ́ọ̀mù tuntun. "Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kọ́?"

Èṣùbíyì wo ìyàwó rẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́, ó máa bínú."

"Ẹ sọ ọ́," ni Kíkẹ́lọmọ wí.

"Iṣẹ́ aránbàtà. Ohun tó ń tà yìí, kì í pé oṣù mẹ́ta tí okùn rẹ̀ fi ń já."

Ó bínú lóòótọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ rẹ̀ parí ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ ìránbàtà, ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ló ní kó gbé e sí.

Ìjà kò tán síbẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé bàtà yẹ̀ wò, Èṣùbíyì á mirí, á ní, "Èyí ò ní pẹ́." Kíkẹ́lọmọ ṣòfin pé kò gbọ́dọ̀ la ẹnu títí tí wọ́n á fi rajà tán. Ó gbìyànjú. Ó ń wo bàtà, ó ń mí kanlẹ̀, ìyẹn náà sì ń lé oníbàárà.

Olùkọ́ yunifásítì kan tó ń gbé ní Ekosodin, Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ra ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́wọ́ ìyàwó, kò tíì wọ̀ ọ́ tó fi gbé e fún ọkọ. "Ẹ bá mi rán an kó tó já, sà." Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, bàtà yẹn ló tún wọ̀ wá, ó sì mú olùkọ́ méjì lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà ni Kíkẹ́lọmọ ti ń ké sí àwọn tó ń kọjá ní títì Sapele: "Ẹ rà á lọ́wọ́ mi, kẹ́ ẹ gbé e fún ọkọ mi kó rán an! Kò sẹ́ni tó mọ rọ́bà bíi tirẹ̀ o!"

Nígbà tí Èṣùbíyì kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó tẹrí sórí ẹ̀rọ, ó ń rán bàtà lọ kíkankíkan, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí eyín rẹ̀.