Ohun Tó Ń Dún Nínú Ọkọ̀ Àwọn Ìyá

Kọfí ni àwọn obìnrin abúlé Yamefa fi ra ọkọ̀ náà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń ká a, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn ara wọn pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú Goroka, kí wọ́n tó lè ra ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù kan tí yóò máa gbé aboyún lọ sí ọsibítù. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ gbà pé àwọn yóò máa tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ìbòrí ẹ́ńjìnnì yìí ni Wekina, obìnrin mẹkáníìkì, ṣí ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, lójú gbogbo abúlé. Ní ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ náà dákú sórí òkè, Nerimo tí ń rọbí sì kú sínú rẹ̀, tòun tọmọ. Ẹbí Nerimo jókòó lórí ẹní lápá ọ̀tún, ẹbí Kuyane awakọ̀ lápá òsì. Ẹni tó bá jẹ̀bi ni yóò fi ẹlẹ́dẹ̀ tu ẹbí òkú nínú. Ọ̀gá Apo, tí àwọn ọkọ̀ ìjọba àti ìtọ́jú ọkọ̀ yìí wà lábẹ́ rẹ̀, ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ tán: Kuyane ló wa ìwàkuwà.

"Màmá, kí lẹ tún ń wá níbẹ̀?" Apo rẹ́rìn-ín. "Arúgbó ọkọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́ ẹ̀."

"Mo sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì láti oṣù kẹta pé ó ń dún," ni Kuyane wí. "Wọ́n ní kí n gbé ohùn rédíò sókè kí n má baà gbọ́ ọ."

"Kuyane, wọlé sídìí ọkọ̀, kí o ṣáná sí i," ni Wekina wí.

Kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Wekina fi ọ̀pá irin gbọọrọ kan ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó sì fi etí ti orí rẹ̀ kejì. Ìsàlẹ̀ dákẹ́. Ó yẹ ibi tí èéfín ń gbà jáde wò, kò jò. Ó gbé irin náà lọ sókè, níbi tí àwọn fáàfù ti ń ṣí tí wọ́n ń pa dé, ariwo sì gún un létí. Bí Kuyane ṣe ń tẹ iná mọ́lẹ̀ ni ariwo náà ń sáré tẹ̀lé e.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́," ni Wekina wí. " Ọ́ìlì kì í dé orí."

"Irọ́!" Apo na ìwé kan sókè. "Ẹ̀ẹ̀meje la pààrọ̀ ọ́ìlì láàárín ọdún mẹ́rin, àti fílítà tó ń sẹ́ ẹ. Èmi ni mo buwọ́ lù ú."

Wekina wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Òun ló ń tọ́jú ọkọ̀ náà kí Apo tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àbúrò ìyàwó ara rẹ̀. Kò sì sí fílítà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè rí tí kò fi ọ̀dà funfun kọ ọjọ́ sí lára. Ó jáde pẹ̀lú fílítà náà, agolo kékeré kan, ó nu ẹ̀gbin ara rẹ̀, ó sì gbé e fún ìyá Nerimo.

"Ẹ kà á sókè, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà kà á. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́rin. Ó dojú agolo náà dé. Ohun tó jáde dúdú, ó ki bí ẹrẹ̀.

Ó gbójú sókè. "Apo, bọ́ọ̀sì rẹ mẹ́ta ń ná ọ̀nà Goroka lójoojúmọ́. Mo máa ń wọ̀ wọ́n. Wọn kì í dún. Ọ́ìlì àti fílítà ọkọ̀ wa ló wà nínú wọn."

Ẹbí Nerimo dìde lójú kan náà, wọ́n ká ẹní wọn kúrò níwájú ẹbí Kuyane, wọ́n sì tẹ́ ẹ síwájú Apo.

"Kuyane kò jẹ wá ní nǹkan kan mọ́," ni ìyá òkú wí. "Ìwọ lo jẹ wá. Ogún ẹlẹ́dẹ̀ fún Nerimo. Ogún fún ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ. O sì jẹ àwọn obìnrin Yamefa ní ọkọ̀ kan tó máa dé ọsibítù."