Ìjọba Fẹ́ Ka Ọmọ Ẹ̀gà

Ẹ gbọ́ àlá tí Ìbíyẹmí lá lọ́sàn-án àná, kí ẹ tó sọ pé obìnrin náà le jù. Pẹ̀lú ìbínú ló fi sùn. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Dèjì, ti ránṣẹ́ pe agégi pé kó wá gé ọ̀pẹ iwájú ilé ní agogo mẹ́rin, nítorí pé ẹyẹ ẹ̀gà ń ṣu sórí mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò! Ẹ̀gà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ! Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ náà ti jáde, abẹ́ ọ̀pẹ yẹn ni Ìbíyẹmí ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Á máa wo ìyá wọn bó ṣe ń gbé kòkòrò bọ̀, tí ẹnu pupa kéékèèké á là gbàgà lójú ihò ìtẹ́. Bí ẹ̀kọ tutù lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀.

Ó sùn tán ló rí i tí ọ́fíìsì ìjọba kan ń léfòó bọ̀ lójú ọ̀run. Ọ́fíìsì náà bà lé orí ọ̀pẹ, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ìbíyẹmí ò tiẹ̀ bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó fi igbà gun ọ̀pẹ bí ẹlẹ́mu, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé.

Àwọn abiyamọ ti tò síwájú tábìlì: ìyá ẹ̀gà, àgbébọ̀ adìẹ kan, àti ọ̀bọ tó gbé ọmọ mọ́ àyà. Akọ̀wé tó de táì ló jókòó.

"Ọmọ mélòó lo ní?" ló bi àgbébọ̀. Kíá ni àgbébọ̀ kó gbogbo ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́.

Ojú Ìbíyẹmí pọ́n kankan. "Kí lo wí? Wọ́n máa ń ka ọmọ fọ́lọ́mọ ni? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"Òfin ni, Màmá. Ẹni tí a ò bá ka ọmọ rẹ̀, a ó gé igi rẹ̀ ní agogo mẹ́rin."

Òǹtẹ̀ orí tábìlì wúkọ́. "Èmi ò tẹ ìwé kankan o. Ebi ń pa mí." Ló bá la ẹnu. Dúrọ́ọ̀ abẹ́ tábìlì náà la ẹnu. Báàgì akọ̀wé la tiẹ̀. Àánú abiyamọ ò jẹ́ kí ìyá ẹ̀gà lè mójú kúrò, ló bá ń fi kòkòrò bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà mí o! Kòkòrò tó yẹ kó lọ sẹ́nu ọmọ, inú dúrọ́ọ̀ ló ń lọ! Ìbíyẹmí ní kó má fún wọn mọ́, dúrọ́ọ̀ ní kí ló kàn án níbẹ̀.

Akọ̀wé náà gba kòkòrò kan, ó gbé e mì, ó sì na ìka sí ìtẹ́ ẹ̀gà. "Ọ̀kan..."

Kó tó dé èjì, Ìbíyẹmí ti fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Irùngbọ̀n hù sí i lọ́wọ́. Nígbà tó máa ká ọwọ́ kúrò, òbúkọ ló jókòó lórí àga, ó ń jẹ táì.

"Mo ti ka ọ̀kan ná," ni òbúkọ wí, kò dá jíjẹ dúró.

Aago ara ògiri ní ó ku ìṣẹ́jú kan. Ìyá ẹ̀gà bá yíjú sí Ìbíyẹmí, ẹnu rẹ̀ ṣófo. "Ìyá Dèjì, gbogbo wọn ni mo ti bọ́. Kí ni mo fẹ́ fún àwọn ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. "Ẹ má gé e o!" ló fi ta jí.

Kò wá bàtà, ó sáré jáde. Agégi jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé àdá lé itan, ó ń yán. Bàbá Dèjì ló wà lábẹ́ ọ̀pẹ. Fìlà rẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ wà léjìká agbádá rẹ̀, ó gbójú sókè, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ.

"Bàbá Dèjì, ẹ gbọ́, lónìí yìí, èmi pẹ̀lú yín..."

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn, kò wẹ̀yìn.

"Ìyá Dèjì, jọ̀ọ́, má pariwo. Èyí tó kéré jù ò tíì jẹ."