Ẹ Kun Yàrá Mi Ná

Ní Ayébòdé níbí, ohun méjì ló máa ń mú kí wọ́n kun ilé àtijọ́: bí ọmọ ilé bá fẹ́ gbéyàwó, tàbí bí olúlé bá kú. Ọmọ méjèèjì tí mo bí ti ní ìdílé tiwọn. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ tí Babájídé, àkọ́bí mi, ń bá akunlé dúnàádúrà lẹ́yìn fèrèsé mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wo ilé yíká, mo ń wá ẹni tó lè kú nínú rẹ̀. Èmi nìkan ló kù níbẹ̀.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì fún iwájú, ọ̀kan fún pálọ̀," ni akunlé náà ń wí. Abdulrasheed lorúkọ rẹ̀, Ìkọ̀lé ló ń gbé, kò sì sí ilé òkú tí wọ́n kùn ládùúgbò wa lọ́dún tó kọjá tí kì í ṣe òun ló kùn ún. "Ẹ ó tún ra ọ̀dà dídán fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Pẹ̀lú owó iṣẹ́, ẹ mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlélúgba wá."

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni gbogbo ohun tí mo ní. Mi ò tiẹ̀ ní owó ọkọ̀ padà sí Adó mọ́ bí mo bá san án tán."

"Ó dáa, a ó wá nǹkan ṣe sí i. Yàrá ẹ̀yìn yìí ńkọ́? Ògiri rẹ̀ ti bà jẹ́."

"Fi yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀. Ibi tí èrò á rí nìkan ni kó o ṣírò." Babájídé rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n etí mi kọ́ ló ń dùn mí. "Kó o sì tètè ṣe é. Mi ò fẹ́ kí nǹkan náà bá wa lójijì."

Nǹkan náà! Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ fún ọdún méjì wá sọ mí di nǹkan náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn Àjíǹde ni inú rírun ti mú mi, tí oúnjẹ ò wọlé mọ́, tí aṣọ mi ń bọ́ sílẹ̀ lára mi. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó, wọ́n yẹ̀ mí wò títí ó fi sú mi. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, dókítà pe Babájídé àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìdùnnú, wọ inú ọ́fíìsì, wọ́n fi èmi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n jáde, Ìdùnnú ti fi páúdà sójú lákọ̀tun. Ta ló ń kun páúdà ní ọ̀sán gangan nínú ilé ìwòsàn? Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n ní kí n má jẹ ata, kí n máa lo oògùn. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọgbẹ́ inú.

Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ inú kì í kun iwájú ilé.

Mo pe Babájídé. Ó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Láti ìgbà tí páànù ti ń jò sínú yàrá mi, tí ògiri ti rin, tí èébu ti gun orí rẹ̀, Babájídé kì í wọlé. Òórùn ibẹ̀ máa ń mú un wúkọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń kí mi, láti ibẹ̀ náà ló ti máa ń dágbére.

"Kí lẹ ń wọ̀n lára ulé mi?" mo bi í.

"Yèyé, ẹ ti jí? A fẹ́ tún ulé ṣe díẹ̀ ni. Kérésìmesì ń bọ̀."

"Kérésìmesì, nínú oṣù kẹsàn-án. Àwọn áńgẹ́lì ti ń tètè jí lọ́dún yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wo akunlé, ó sì yára kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán ni Ìdùnnú dé láti Ìkọ̀lé, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Ó gbé àsáró aláìláta wá, ó kó oògùn mi sínú àwo kékeré, ó bu omi. Mo gba àwo náà, mo gbé e sórí itan mi, mo fi ọwọ́ bò ó.

"Lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ wá."

Nígbà tí Ìdùnnú padà síwájú mi, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Oògùn yìí ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá títí ẹ ó fi sọ ohun tí dókítà bá yín sọ."

"Yèyé, ọgbẹ́ inú..."

"Babájídé, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tiyín ò tiẹ̀ lo oṣù kan. Èrò wo lẹ fẹ́ gbà nínú pálọ̀ mi tí ẹ fi fẹ́ kùn ún?"

Mo ń gbọ́ bí Abdulrasheed ṣe ń fi ọ̀bẹ ha ògiri níwájú ilé, ó ń dán an wò. Ìdùnnú gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí fún un pé rárá. Mo rí i. Mo gbá àwo oògùn dànù, oògùn fọ́n ká sílẹ̀.

"Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun! Ẹ sọ ọ́!"

Ìdùnnú kúnlẹ̀, ó ń ṣa oògùn nílẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní ó ti dé ẹ̀dọ̀, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè bá a mọ́. Ó ní dókítà sọ pé bóyá mo máa rí Kérésìmesì, bóyá mi ò ní rí i.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni, n kò ṣe bí akọni. Mo kọ́kọ́ ronú nípa nǹkan tí kò nídìí, pé iṣu tí mo gbìn lẹ́yìnkùlé, ta ni yóò wà á. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi, inú sì bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ.

"Ẹ̀yin mọ̀, akunlé mọ̀, èmi tí mo fẹ́ kú nìkan ni mi ò mọ̀."

"Yèyé, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Pe Abdulrasheed wá."

Akunlé náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, eruku ògiri wà lára rẹ̀. Mo bi í pé eélòó ni yóò gbà láti tún yàrá mi yìí ṣe. Ó wo òkè, ó fọwọ́ kan ògiri, ọwọ́ rẹ̀ rin.

"Màmá, ọ̀dà ò ní dúró lórí èyí. Ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ páànù tó ń jò lókè ná, kí káfíńtà wo igi abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó ha ògiri, tí a ó fi simẹ́ǹtì dí i, kí ó gbẹ kí a tó fi ọ̀dà kùn ún. Bí mo bá ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, owó tí ọ̀gá ní lọ́wọ́ tán síbẹ̀ nìyẹn. Kò ní kan iwájú."

"Ṣe é," ni mo wí.

"Rárá!" Babájídé ló pariwo bẹ́ẹ̀, ó sì ti wọ inú yàrá kó tó mọ̀. "Yèyé, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n sọ nígbà tí Bàbá kú. Èmi ni mo lọ pàdé àwọn àna wa láti Ìgbólé lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń bi èkejì pé ṣé ilé èèyàn nìyí tàbí ilé ewúrẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo búra pé kò sẹ́ni tí yóò fi yín rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo ti ń tọ́jú owó yìí láti ọjọ́ tí a ti Ìdó dé." Ó ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe fún yín."

Ìbínú mi rọ̀. Ó ti di bàbá ọmọ mẹ́ta, irun rẹ̀ ti ń funfun, síbẹ̀ ẹ̀rín àwọn ará Ìgbólé ṣì wà nínú rẹ̀ látọdún yẹn wá, kò sì sọ ọ́ fún mi rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n àánú ara mi náà ṣe mí.

"Babájídé, wọ́n á wo iwájú ulé fún ọjọ́ kan, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ. Ògiri yìí ni èmi ń wò láti àárọ̀ di alẹ́. Bí o bá fẹ́ kun ulé fún mi, kùn ún níbi tí ojú mi wà. Bí wọ́n bá bú wa, jẹ́ kí wọ́n bú wa. Mi ò ní gbọ́."

Ó yí padà sí akunlé, ó yọ owó lápò, ó sì kà á sí i lọ́wọ́.

Káfíńtà pààrọ̀ páànù, wọ́n ha ògiri, wọ́n dí i. Mo ń sùn ní pálọ̀ títí yàrá fi gbẹ. Abdulrasheed bi mí pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́, mo ní àwọ̀ ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó po ọ̀dà aláwọ̀ ewé wá. Mo ní ṣé kò wọ oko rí ni, pé ewé kòkó tuntun máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú kó tó di dúdú. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà lọ pò ó. Ọdún mélòó ni mo fi rìn lábẹ́ ewé yẹn pẹ̀lú ọkọ mi, mi ò mọ̀ pé mo lè gbé e wá sílé.

Nígbà tí Babájídé tún wá, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ya ojú ọ̀run. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ibẹ̀. Ó fimú fa afẹ́fẹ́. Kò wúkọ́.

"Wọlé," mo ní, "kò sẹ́ni tó ń gba owó ìwọlé."

Ó wọlé. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀, nípa ọjọ́ tí wọ́n jọ lọ ta iṣu ní Ààyè tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ wọn já lójú ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi fà, ó sì sùn lọ níbẹ̀, ó la ẹnu bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Mo mú oògùn mi, mo lò ó, kò sẹ́ni tó ní kí n lò ó. Níta, òjò ń gbá iwájú ilé, ọ̀dà àtijọ́ ń bó sílẹ̀ níbẹ̀. Mo rọra fa aṣọ mi bo ẹsẹ̀ ọmọ mi.