Ọrọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Òrùlé

Ojú òsì Eduviges, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti kú. Dókítà ní ojú ọ̀tún náà yóò lọ kí ọdún Àjíǹde tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó ní kò burú. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun ṣì fẹ́ rí: òdòdó ọrọ́ òun.

Ọrọ́ náà kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti gbìn ín sínú agolo sadíìnì, láti inú èso pupa wẹẹrẹ kan tó já lára ọrọ́ ìyá wa, kí ògiri tó wó pa ọrọ́ ọ̀hún. Ó hù, ó yí róbótó, ẹ̀gún rẹ̀ funfun bí ewú. Kò tanná rí.

"Ó ń tijú ni," ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí.

Nínú oṣù kọkànlá mo gun òkè lọ ṣẹ́ igi ìdáná. Ìkùukùu bo gbogbo ibẹ̀. Mo rí àwọn ọrọ́ láàárín òkúta. Wọ́n ti sún kì, wọ́n rì sínú ilẹ̀ dé orí, eruku bò wọ́n. Wọ́n dà bí ẹni tó sùn tí kò fẹ́ kí a jí òun. Mo jókòó tì wọ́n. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo rántí pé nígbà tí mo ń da ewúrẹ́ níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí náà ló máa ń dé adé òdòdó lóṣù kẹta. Ta ló ń bu omi fún wọn? Ta ló ń dáná fún wọn yá?

Mo wá mọ ohun tí a ti ń ṣe.

Ní Cadereyta, ìlú wa, gbogbo ilé ló ń to ibùjẹ ẹran Ọmọ Mímọ́ lóṣù kejìlá. Ilé ìdáná ni tiwa máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. A ó tẹ́ koríko tútù tí ń hù lára òkúta, a ó to àgùntàn amọ̀, a ó gbé Jósẹ́fù tí ọwọ́ rẹ̀ kan ti kán. Ọrọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni òkè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àràárọ̀ ló ń wọ́n omi sí gbogbo rẹ̀, títí di ọjọ́ kejì oṣù kejì tí a ó gbé Ọmọ náà dìde, tí a ó jẹ tamáálì, àgbàdo lílọ̀ tí a dì sínú ewé. Láti ìgbà tí ọrọ́ náà ti hù, a kò jẹ́ kó sùn rí.

Mo gbé e lọ sórí òrùlé.

"Fidencio! Òkè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù dà?"

"Ó wà lórí òrùlé, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń sùn."

"Nínú òtútù yìí? Ìwọ alára, bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lo fi ń bora!"

"Èmi kì í tanná, ẹ̀gbọ́n."

"A mọ̀. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin la ti ń retí ẹ."

"Ẹ má fún un lómi o. Ó di oṣù kẹta."

"Tó bá kú ńkọ́?"

Tó bá kú, èmi ni mo pa á, kò sì sí àkókò mọ́ láti gbin òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀dùnkún ṣe òkè. Crispina, aládùúgbò wa, wọlé, ó wò ó títí.

"Ẹ̀yìn ọ̀dùnkún ni wọ́n bí Jésù sí lọ́dún yìí?"

"Bi bàbá olórùlé," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Lóṣù kìíní ọrọ́ náà hunjọ. Ẹ̀gún rẹ̀ dì mọ́ ara wọn. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí bóyá ó ti kú. Mo ń ní rárá. N kò mọ̀.

Ní àárọ̀ kan ó ní òun lá àlá. Ó ní gbogbo òkè funfun bí wàrà, ìyá wa sì ń rìn bọ̀ láàárín rẹ̀, kò kánjú, ó dé adé.

"Adé wo?"

"Òdòdó ni. N kò rí àwọ̀ rẹ̀. Mo ń pe Màmá pé kí wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín."

Nígbà tó di ìparí oṣù kejì, ó ní òun ń wo ayé bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́.

Oṣù kẹta wọlé. Mo rí nǹkan láàárín ẹ̀gún, wẹẹrẹ bí orí abẹ́rẹ́. Mo bu omi díẹ̀ fún un. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, mo gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí àgbàlá, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí nínú oòrùn. Mo gbé agolo lé e lọ́wọ́.

"Má sọ nǹkan kan," ó ní.

Ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún títí ẹ̀gún fi kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó yí agolo díẹ̀díẹ̀. Oyin kan wá, ó yí àwọn òdòdó náà ká, ó lọ.

"Kì í ṣe funfun," ó ní. "Ó pupa bí inú ẹnu ọmọ tuntun. Ó yí orí rẹ̀ ká. Ọ̀kan ò tíì là, èyí tó wà lẹ́yìn."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Òótọ́ ni. Èmi ò rí i tẹ́lẹ̀.

"Adé Màmá rèé," ó ní.

Kò gbé e sílẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀ tí àwọn òdòdó fi pa ojú dé.

Ojú ọ̀tún náà lọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde.

Nígbà tí oṣù kejìlá padà dé, mo ń tẹ́ koríko sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí mi láti orí àga rẹ̀.

"Ọ̀dùnkún dà?" ó ní. "Èyí tó tóbi ni o."